Àwọn Ọ̀dọ́ Alálùpùpù ti Lọ́ńdọ̀nù àti Àlùfáà Tí Ó Tọ̀ Wọ́n Lọ

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, bí a bá gbọ́ ìró alùpùpù ní ẹ̀bá ilé, ohun méjì ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn wa: ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, àti ilé ìwòsàn. Ọ̀kadà ni a ń pè é, láti ìgbà tí àwọn aláwàdà ti fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú kan sọ ọ́. A kì í sì í rò pé ènìyàn lè fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ti ń fẹ́ràn ìbọn rẹ̀, tàbí bí onílù ti ń fẹ́ràn gángan rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú wọn wà. Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ sọ díẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ìgbà kan, tí wọn a máa péjọ ní alaalẹ́ láti fi alùpùpù wọn yangàn lójú ara wọn, àti nípa àlùfáà kan tí ó gbójúgbóyà tọ̀ wọ́n lọ. A bẹ ẹ̀yin òbí kí ẹ má ṣe tètè ṣí ìwé yìí kọjá.

Ní 1938 ni a ṣí ilé oúnjẹ kan tí a ń pè ní Ace Cafe ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá North Circular Road, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn awakọ̀ ẹrù ni a ṣí i fún, kì í sì í tì lọ́sàn-án tàbí lóru. Ní 1940, nígbà ogun Hitler, bọ́ǹbù tí a jù sí àgbàlá ọkọ̀ ojú irin Willesden tí ó wà nítòsí ba ilé náà jẹ́, a sì tún un kọ́ ní 1949. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, tí owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọwọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ púpọ̀ sọ ibẹ̀ di tiwọn. Ife tíì kan ni ẹnìkọ̀ọ̀kan a rà, a sì fi gbogbo alẹ́ mu ún, nítorí kì í ṣe ebi ni ó gbé e wá.

Kí ni ó gbé wọn wá? Kí wọ́n lè wo alùpùpù ẹlòmíràn, kí a sì lè wo tiwọn ni. Wọn a tò wọ́n sí ìlà níwájú ilé náà. Àwọn tí ó ni wọ́n a wọ ẹ̀wù awọ dúdú àti bàtà gígùn, wọn a dúró bí ẹni tí kò bìkítà, ṣùgbọ́n etí wọn a là sílẹ̀ sí ohun tí ẹni tí ń kọjá yóò sọ. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a yẹ abẹ́ ẹ́ńjìnì wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ eyín àgbò wò lọ́jà. A béèrè irú kàbúrétọ̀ tí ó wà lára rẹ̀, a béèrè ẹni tí ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà a padà lọ dúró ti tirẹ̀. Bí ó bá padà láìsọ ọ̀rọ̀ kan, oníǹkan mọ̀ pé òun ti borí.

Ẹni tí ó ní BSA kò ní gbà pé ohun kan wà tí ó dára jù ú lọ. Ilé iṣẹ́ tí ń rọ ìbọn ní Birmingham ni BSA ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìbọn mẹ́ta tí a fi ti ara wọn ni àmì rẹ̀, àwọn bàbá kan láàrin wa yóò sì rántí orúkọ náà lára kẹ̀kẹ́ ológeere. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí jùlọ nínú tirẹ̀ ni Gold Star, èyíinì ni Ìràwọ̀ Wúrà. Orúkọ náà ní ìtàn. Ní pápá eré ìje Brooklands, ẹni tí ó bá gun alùpùpù yí pápá náà ká ní ìdíje, tí eré rẹ̀ sì ju ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan lọ, a ó fún un ní ìràwọ̀ wúrà kékeré kan láti fi sí àyà. Ní 1937 Wal Handley gba irú rẹ̀ lórí BSA, ilé iṣẹ́ náà sì fi ìràwọ̀ náà sọ ẹ̀rọ tí wọ́n gbé jáde tẹ̀lé e ní orúkọ. Kí ẹ̀yin ìyá má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni èyí, Beatrice Shilling, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ, ti gba ìràwọ̀ yìí lórí Norton ní 1934. Wọ́n ní ó kọ̀ láti fẹ́ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ títí òun náà fi gba tirẹ̀. A kò dá irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lábàá fún àwọn ọmọbìnrin ìjọ wa.

Àwọn onítriumph a ní tiwọn láti sọ. Ní 1959 ni Bonneville jáde, ẹ̀rọ oníkàbúrétọ̀ méjì, tí a fi orúkọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ kan ní Utah, ní Amẹ́ríkà, pè, nítorí pé níbẹ̀ ni Johnny Allen ti fi ẹ́ńjìnì Triumph sá eré 214 máìlì ní wákàtí kan ní 1956. Àjọ tí ń ṣàkóso eré náà ní Yúróòpù kò fi ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tí ó ti ra Bonneville?

Síbẹ̀, èyí tí gbogbo ojú ń wò jùlọ ni alùpùpù tí kò sí ilé iṣẹ́ kan tí ó rọ ọ́. Triton ni orúkọ rẹ̀: Triumph àti Norton tí a so pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé, nítorí inú ọ̀rọ̀ wà níbí. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò McCandless ti Belfast ni wọ́n ṣe férémù titun kan fún Norton, tí a fi sá eré ìje ní 1950. Ó lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí Harold Daniell, ọ̀kan nínú àwọn asáréje Norton, fi wí pé bí ẹni pé ènìyàn gun ibùsùn tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ kún ni, orúkọ náà, Featherbed, kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ní àkókò kan náà, àwọn tí ń fi ọkọ̀ kékeré sáré ìje ń wá ẹ́ńjìnì Norton lójú méjèèjì. A kì í tà á lọ́tọ̀ fún wọn. Nítorínáà wọ́n ní láti ra odindi alùpùpù, kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀, kí wọ́n sì tari férémù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Báyìí ni férémù dáradára ṣe wà nílẹ̀ láìní ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì Triumph ẹ̀wẹ̀ yára, ó sì rọrùn láti tún ṣe, ṣùgbọ́n férémù tirẹ̀ a máa jó lábẹ́ ẹni tí ó bá fi eré gba ibi tí ọ̀nà ti wọ́. Ọmọ tí ó bá ní ọgbọ́n lọ́wọ́ a ra ti ọ̀hún, a ra ti ìhín, a gé pẹpẹ irin tí yóò di ẹ́ńjìnì náà mú, a sì so wọ́n pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀. A yọ ọwọ́ alùpùpù tí ó ga, a fi èyí tí ó kúrú tí ó sì rẹlẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí òun lè fi àyà lélẹ̀ lórí àgbá epo nígbà tí ó bá ń sáré. Yorùbá ìbá rẹ́rìn-ín: ẹni tí kò dọ̀bálẹ̀ kí àgbà rí, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Kò sí Triton méjì tí ó jọra pátápátá, nítorínáà ni ìwòranra wọn kò fi ní òpin. Fáàrí tí a mọ̀ jùlọ nílé wa ni ti ẹni tí ó ra nǹkan ní ọjọ́ Sátidé, tí ó sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀. Ìbéèrè wọn kì í ṣe iye tí o rà á, bí kò ṣe bí o ti ṣe é. A kò lè pe ìyẹn ní asán pátápátá. Ìgbéraga wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sí wíwò, à bá dákẹ́ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a bá ti yìn, ẹni tí ó ni ín a fẹ́ fi hàn pé ìyìn náà tọ́. Ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan ni gbogbo wọn ń lé. Ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ kò tíì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Jéhù ọmọ Nímṣì ìbá rí ẹgbẹ́ láàrin wọn. Wọ́n ní ẹnìkan a sọ owó sínú àpótí orin inú ilé oúnjẹ náà; bí orin ti bẹ̀rẹ̀ a sáré jáde, a gun alùpùpù rẹ̀ dé ibi tí a dá fún un, a sì gbìyànjú láti padà wọlé kí orin tó parí. Orin ìgbà náà kì í sábà pé ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àwọn kan wí pé àsọdùn pọ̀ nínú ìtàn yìí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó kú sí ojú ọ̀nà wọ̀nnì kì í ṣe àsọdùn.

Òfin kò dí wọn lọ́nà púpọ̀. Nígbà tí a ṣí ọ̀nà M1 ní oṣù November 1959, kò sí gbèdéke eré lórí rẹ̀. Kò sì sí òfin tí ó pàṣẹ fún alálùpùpù pé kí ó dé àṣíborí. Kì í sì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Ní oṣù May 1935, Lawrence tí a mọ̀ sí ti Arébíà yà fún ọmọkùnrin méjì tí ń gun kẹ̀kẹ́ nítòsí ilé rẹ̀ ní Dorset, ó ṣubú lórí Brough Superior rẹ̀, ẹ̀rọ tí ó fẹ́ràn púpọ̀, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, wà lára àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀. Ní 1941 Cairns kọ̀wé pé ní oṣù mọ́kànlélógún àkọ́kọ́ ogun, àwọn alálùpùpù àti àwọn tí wọ́n gbé sẹ́yìn tí ó kú ní ojú ọ̀nà Bìrìtéènì jẹ́ 2,279, pé ọgbẹ́ orí ni ó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti pé ọgbẹ́ àwọn tí ó dé àṣíborí kò burú tó ti àwọn ìyókù. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun gbọ́ tirẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Àwọn ará ìlú dúró de 1973 kí òfin tó kàn wọ́n. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n! Ìyá mélòó ni ó sọkún láàrin rẹ̀?

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ àlùfáà náà. Ní Hackney Wick, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìjọsìn kan wà tí a ń pè ní Eton Mission. Ní 1959 àlùfáà kékeré ibẹ̀, John Oates, dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì fi ọdún náà sọ ọ́ ní orúkọ: 59 Club. Bill Shergold ni àlùfáà àgbà ìjọ náà, òun pẹ̀lú a sì máa gun Triumph. Ní 1962 ó pète láti ṣe ìsìn kan fún àwọn alálùpùpù, ó sì rí i pé òun kò lè jókòó ní Hackney Wick kí òun máa retí wọn. Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Ace Cafe. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ojora mú un, ó tẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì sá kọjá lọ.

Inú wa dùn sí àlùfáà yìí nítorí pé ó sá. Àwa tí a ti kọ́ kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún púpọ̀ mọ bí ó ti rí láti dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n péjọ sí, kí a gbọ́ ẹ̀rín wọn, kí a sì rántí iṣẹ́ mìíràn tí a ní láti ṣe. Shergold padà lọ. Àwọn tí ó rò pé wọn yóò ṣe òun ní ibi gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n sì wá sí ìsìn rẹ̀. A gbé alùpùpù wọnú ilé Ọlọ́run, a sì gbàdúrà lórí wọn. A mọ ohun tí ìgbìmọ̀ ìjọ tiwa yóò sọ nípa epo tí ó bá kán sí iwájú pẹpẹ; kí a sì sọ òtítọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwa ni a ó kọ́kọ́ dìde sọ ọ́.

Àwọn alálùpùpù náà wọ inú 59 Club, wọ́n sì rán àmì rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù awọ wọn. Ó di ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ alálùpùpù tí ó tóbi jùlọ ní ayé. Ní 1964, nígbà tí àwọn alálùpùpù àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tí a ń pè ní Mods ń bá ara wọn jà ní etíkun Clacton àti Brighton, tí ìwé ìròyìn sì ń pariwo pé ìran náà ti bàjẹ́, ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún wọn ṣì wà. Kì í ṣe pé àdúrà àlùfáà náà dá ikú dúró. Ní oṣù December 1965 ni ìjọba fi gbèdéke 70 máìlì ní wákàtí kan lélẹ̀.

Ace Cafe tì ní 1969. Ní ọdún kan náà ni Honda ti ilẹ̀ Japan gbé CB750 jáde, ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná tan, tí kì í sì í jo epo sílẹ̀ bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ilé oúnjẹ náà di ibi tí a ti ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀. Ní 1994 àwọn tí ó rántí rẹ̀ pe ara wọn jọ síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì wá. Ní 2001 a tún un ṣí pátápátá. Shergold gbọ́ èyí kí ó tó kú ní 2009. Àwọn ọmọkùnrin ọdún 1962 tí ó kù ti di arúgbó. Wọ́n a gbé Triton wọn wá, wọ́n a tò ó níwájú ilé, ẹni tí orúnkún sì ń dùn a di àga mú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ́ńjìnì ẹnìkejì rẹ̀.