Òkúta Ojú Ọ̀run Tó Ń Jẹ́ Ceres

Ẹ̀yin ará wa l'Ọ̀tà àti ní Ṣàngó, ẹ jẹ́ ká ka ìtàn òkúta kan. Àárín Máàsì àti Júpítà ló wà, níbi tí àìmọye òkúta ti ń yí oòrùn po. Òun ló tóbi jù nínú wọn. Ìbú rẹ̀ tó 940 kìlómítà. Ó ju Èkó sí Kánò lọ bí ẹyẹ bá fò ó tààrà.

Ta ló kọ́kọ́ rí i? Àlùfáà kan ní Palermo, nílẹ̀ Ítálì, Giuseppe Piazzi, ni. Lóru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1801, ó rí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan nínú awò tó fi ń wo ìràwọ̀. Ó kọ ibi tó wà sílẹ̀. Lóru ọjọ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ náà ti sún. Ìràwọ̀ kì í sún bẹ́ẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀! Piazzi ń kọ ọ́ sílẹ̀ títí di oṣù kejì. Nígbà tó yá, ìtànṣán oòrùn bo òkúta náà, kò sẹ́ni tó rí i mọ́.

Ṣé ó sọ nù nìyẹn? Rárá o. Ìwé wà nílẹ̀. Carl Friedrich Gauss, ọmọ ọdún 24 ní Jámánì, mú ohun tí Piazzi kọ, ó sì fi ìṣirò wá ibi tí òkúta náà yóò yọ sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún kan náà, Franz von Zach wo agbègbè ibẹ̀, ó sì rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ òru nílé-iṣẹ́ mọ èyí dáadáa: ohun tí ẹni tó ń lọ kọ sínú ìwé ni ẹni tó ń bọ̀ fi ń mọ ibi tíṣẹ́ dé.

Piazzi sọ ọ́ ní Ceres, òrìṣà ọkà àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ní 2015, ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Dawn, tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, dé ibẹ̀, ó ya àwòrán àwọn kòtò rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé wá ń fi orúkọ òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ pe àwọn kòtò náà. Ọ̀kan ń jẹ́ Yalode, òrìṣà tí àwọn obìnrin Dàhómì ń bọ nígbà ìkórè. Ó jọ Ìyálóde létí, àbí? Òmíràn, tó ń dán yanran, tí wọ́n rí omi dídì nínú rẹ̀, ń jẹ́ Oxo, òrìṣà àgbẹ̀ ní Brazil, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ta ni kò ní rántí Òrìṣà Oko?

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò mú ìwé dání. Ẹnu ni wọ́n fi gbé òrìṣà wọn dé ibẹ̀. Àmọ́ ìwé ló gbé orúkọ náà dé ojú ọ̀run.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí:
1. Kí ló jẹ́ kí Piazzi mọ̀ pé ohun tí òun rí kì í ṣe ìràwọ̀?
2. Báwo ni wọ́n ṣe tún rí Ceres?
3. Orúkọ wo nínú ìdílé yín ni ẹnìkan kò tíì kọ sílẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí.