Ìwádìí tí kò tíì jáde: kọ ọ́ sí CV rẹ, ṣùgbọ́n má purọ́ mọ́ ọn

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi rìn láti ọjà dé ọjà, tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ìyálọ́jà lẹ́nu wò fún próòjẹ́ẹ̀tì àṣekágbá wọn ní yunifásítì. Tó o bá wo CV wọn, kò sí i níbẹ̀. Wọ́n á ní kò kúkú tíì jáde nínú journal kankan. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ tó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà wọn ni wọ́n ti kọ sábẹ́ “Publications”, àfi bíi pé gbogbo ayé ti kà á. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń rẹ́ ara wọn jẹ. Àwọn ti ìkejì ń gbẹ́ kòtò de ara wọn.

Lójú tèmi, oyún kì í ṣe ọmọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa rí oyún oṣù mẹ́jọ tó máa ní òun ò rí nǹkan kan. Kọ iṣẹ́ rẹ sí CV. Ṣáà sọ ibi tó dé gan-an.

Tó o bá ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́, “In preparation” ni. Ẹyọ kan ti tó, kó sì jẹ́ èyí tí wàá lè mú jáde bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ rí i. Tó o bá ti fi ránṣẹ́, tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, “Under review” ni. Má wulẹ̀ dárúkọ journal náà: ẹnikẹ́ni ló lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Nature tàbí The Lancet, kí wọ́n gbà á ló kù. Ìgbà tí lẹ́tà bá dé pé wọ́n ti gbà á lo tó lè kọ “Accepted”. Tó o bá ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò, bíi lórí arXiv tó ti wà láti ọdún 1991, kọ “Preprint”, kó o sì fi línkì rẹ̀ sí i. Próòjẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ní àyè tirẹ̀, sábẹ́ “Research experience”.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe ni, kọ orúkọ gbogbo yín, kó o sì kọ́kọ́ bi olùkọ́ yín bóyá ó fọwọ́ sí i.

Ìṣẹ́jú kan péré ni ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ nílò láti wá orúkọ rẹ lórí Google Scholar. Tí kò bá rí ohun tó o ní ó ti jáde, kò ní pè ọ́ kó o wá ṣàlàyé. Ẹ rántí Salisu Buhari, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin lọ́dún 1999. Ó ní òun gboyè ní Yunifásítì Toronto, irọ́ ni. Kò lò tó oṣù méjì lórí àga náà, àmọ́ títí dòní, “Toronto” ni ọ̀pọ̀ ń pe ayédèrú sátífíkéètì.

Ìtìjú “kò tíì jáde” yìí náà ló ń lé àwọn kan lọ sọ́dọ̀ journal gbájúẹ̀. Wọ́n á kọ ímeèlì sí ọ pé iṣẹ́ rẹ dára gan-an, san owó, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti jáde láìsẹ́ni tó kà á. Kì í ṣe gbogbo journal tó ń gbowó ni gbájúẹ̀ o. Wo bóyá wọ́n ń fi iṣẹ́ han àwọn onímọ̀ mìíràn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹni tó mọ nǹkan, “Under review” tó jẹ́ òótọ́ sàn ju èyí tó o fowó rà lọ.

Tó bá wá jẹ́ iṣẹ́ báńkì tàbí ti ilé-iṣẹ́ tẹ́ẹ̀kì ní Yábàá lò ń wá, wọn ò fẹ́ àkọlé gígùn. Sọ iye èèyàn tó o fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, bóyá SPSS tàbí R lo fi ṣe ìṣirò rẹ̀, àti ohun tó o rí. Ìlà méjì ti tó.

Nítorí wọ́n máa bi ọ́: “Kí lo rí nínú ìwádìí yìí?” Ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ máa sọ ọ́ títí wọ́n á fi ní ó tó. Ẹni tó ra próòjẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ ní káfè ẹ̀gbẹ́ géètì, ẹ jọ̀ọ́, kó má wulẹ̀ kọ ọ́.