Igi Gbígbẹ, Èéfín Díẹ̀, Ọmọ Alálàáfíà

Ẹ̀yin ìyá wa àti gbogbo ará ilé,

Àwọn àgbà wa sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èéfín tí ń jáde láàárín ààrò mẹ́ta náà lè ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn jẹ́. Ní Ìjerò, Aràmọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ṣì ń fi igi dáná. Bí agbára yín bá ká gáàsì, gáàsì mọ́ ju igi lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igi ni ẹ ń lò, ọ̀nà wà tí ẹ lè gbà dín èéfín rẹ̀ kù, tí igi yín yóò sì fi pẹ́ kí ó tó tán.

Ìpalára wo ni èéfín ń ṣe?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ní gbogbo ayé. Àwọn tí ó lé ní 237,000 nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Òtútù àyà ni ewu rẹ̀ tí ó tóbi jù fún ọmọdé.

Kò yọ aboyún sílẹ̀. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí lórí aboyún 324 ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn yòókù ń bá ìdáná wọn àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí kò gba sítóòfù ju àwọn tí ó gbà á lọ.

Kí ni ó ń mú kí igi rú èéfín?

Igi tútù kún fún omi. Omi náà a máa tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ omi yìí kí igi tó lè jó dáadáa. Ooru tí ìbá se iṣu iyán yín ni ó ń bá a lọ. Èéfín fúnra rẹ̀ jẹ́ ara igi tí kò jóná tán. Nítorí náà, iná tí ń rú èéfín ń fi igi ṣòfò, ó sì ń ba ìlera jẹ́.

Bí a ṣe ń gbẹ igi

1. Ẹ gé igi, kí ẹ sì là á, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí oòrùn àti ọyẹ́ lè gbẹ ẹ́. Kí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan má ṣe nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ. Ẹ̀ka kòkó tí ẹ gé nígbà tí ẹ ń tún oko ṣe wúlò púpọ̀.
2. Ẹ tò ó sórí òkúta, kí ó má ṣe kan ilẹ̀. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín rẹ̀ kọjá.
3. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi páànù bo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bo ẹ̀gbẹ́.

Igi tí ó gbẹ a máa fúyẹ́, orí rẹ̀ a máa sán, a sì máa dún ketekete bí ẹ bá fi ọ̀kan lu èkejì. Bí igi bá ń hó, tí omi ń yọ lẹ́nu rẹ̀ nínú iná, kò tíì gbẹ.

Bí a ṣe ń dáná

1. Ẹ kó eérú kúrò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ fi ihá ẹyìn tàbí ṣùkù àgbàdo gbígbẹ ko iná. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá tàbí táyà ko ó, ẹ má sì ṣe da kẹrosíìnì sórí ẹyín iná.
2. Ẹ̀là igi méjì tàbí mẹ́ta tó lẹ́ẹ̀kan. Kí orí wọn nìkan máa jó. Bí wọ́n ti ń jó, ẹ máa tì wọ́n sí iwájú.
3. Ẹ fi amọ̀ mọ ògiri kékeré yí ààrò ká, kí ẹ sì fi ẹnu sílẹ̀ fún igi. Atẹ́gùn kò ní lè gbé ooru lọ mọ́.
4. Ẹ dé ìkòkò. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú kí ó lè tètè jinná.
5. Ẹ dáná ní gbangba, tàbí níbi tí fèrèsé àti ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹ gbé ọmọ fún ẹlòmíràn kí ẹ tó fẹ́ iná.
6. Bí oúnjẹ bá ti jinná, ẹ fa igi jáde, kí ẹ sì fi iyanrìn pa á. Yóò wúlò lọ́la.

Ẹ rántí pé èéfín igi gbígbẹ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èéfín náà ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ jókòó sídìí rẹ̀.

Ìgbà wo ni kí a sáré lọ sí ilé ìwòsàn?

Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún. Ó ń mí yára jù bí ó bá tó:

60, fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì;
50, fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá;
40, fún ọmọ ọdún kan títí dé ìgbà tí yóò pé márùn-ún.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ má ṣe dúró dé àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìyá nìkan. Kí bàbá la igi, kí àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà tò ó. Igi tí gbogbo ilé bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ èéfín nígbà òjò.