Iṣẹ́ Tí Ó Ń Dúró De Àkókò Rẹ̀

Ìlú Èjìnrìn wà ní etí ọ̀sà, láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ní ayé àtijọ́, òkìkí ọjà rẹ̀ kàn jìnnà. Àwọn oníṣòwò Èkó a fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù òyìnbó wá. Àwọn ará Ìjẹ̀bú a sì kó epo àti èkùrọ́ wá láti òkè. Kí ogun ọdún 1892 tó ṣẹlẹ̀, àwọn Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí àjèjì gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá. Ará Èkó tí ó bá ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó wà ní òkè níláti fi í rán ẹni tí ó bá pàdé ní etí omi, kí ó sì padà sí ẹnu òwò rẹ̀.

Irú àṣà bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà lóde òní. Ọ̀nà kan wà tí a ń gbà kọ ètò fún un, nínú èyí tí a ń pín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní object. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dàbí ilé tí ó ní olórí tirẹ̀: ó ń pa ohun ìní rẹ̀ mọ́, ó sì mọ iṣẹ́ tí ó lè ṣe. Ará ìta kì í wọ yàrá rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni a ti ń pè é sí iṣẹ́. Àwọn ará Nọ́wéè méjì, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ni ó la ọ̀nà yìí nínú èdè Simula ní àwọn ọdún 1960.

Ìpè yìí ní ewu tirẹ̀, nítorí lójú ẹsẹ̀ ni ẹni tí a pè ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó pè é a sì ká ọwọ́ gbera títí yóò fi parí. Kí a fi ọkọ̀ tí ó fẹ́ gbé èrò mẹ́wàá láti Èjìnrìn lọ sí Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà ń ka orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a lè fún olúkúlùkù ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Bí ó ti kan ẹnì kẹrin, ìyá náà ní òun kò lọ mọ́. Bí a bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹnì karùn-ún yóò bọ́ sí ipò kẹrin, ẹnì kẹfà yóò sì bọ́ sí ipò karùn-ún. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti ka ipò kẹrin tán. Ipò karùn-ún ni ó kàn. Báyìí ni ẹni tí ó jẹ́ ẹnì karùn-ún tẹ́lẹ̀ yóò ṣe wọ ọkọ̀ láìní ẹ̀wù, kọ̀ǹpútà kò sì ní sọ pé òun fo ẹnikẹ́ni.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a má pa orúkọ náà rẹ́ nígbà náà. A ó kọ ìwé pélébé kan: ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́, iṣẹ́ tí yóò ṣe, àti ohun tí yóò lò. A ó fi ìwé náà sí ẹ̀yìn ìlà tí a ń pè ní event queue, ìkànìyàn yóò sì máa bá a lọ. Nígbà tí ó bá parí, tí ọwọ́ kọ̀ǹpútà ṣófo, yóò mú ìwé tí ó wà ní iwájú, yóò ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀ parí, kí ó tó mú òmíràn.

Ohun tí a kọ sínú ìwé náà gba ìṣọ́ra, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ètò ti ń kọsẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ pé, “Pa ẹni tí ó wà ní ipò kẹrin rẹ́,” tí ìwé tí ó ṣáájú sì ti pa ẹnì kejì rẹ́, orúkọ ẹlòmíràn ni a ó parẹ́. Orúkọ ìyá náà gan-an ni ó yẹ kí a kọ. Bákan náà, ẹni tí ó fi ìwé sílẹ̀ ti lọ. Bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, kò sí níbẹ̀ láti gbọ́.

Iṣẹ́ gígùn kan sì lè dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ìlà. Nínú JavaScript, èdè tí ó jáde ní 1995, bí iṣẹ́ kan bá pẹ́, ojú ìwé yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yóò tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, kò ní rí nǹkan kan. Yóò tún tẹ̀ ẹ́, yóò tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọ̀nà bá là, àfi bí akọ̀wé ètò bá ti ṣọ́ra, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni yóò rà.