A Kì í Pe Ọ̀wẹ̀ Láì Wọn Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dé Ìgàndò, ìlú àwọn Àwórì tó wà ní Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, yóò rí i pé omi ti ní ọ̀tá níbẹ̀. Ọ̀tá náà ni ààtàn ńlá tí a ń pè ní Solous, níbi tí a ti da pàǹtí Èkó jọ fún ọdún gbọọrọ. Bí òjò bá rọ̀ sórí ààtàn, omi dúdú a máa jáde láti inú rẹ̀, a sì máa rin wọ ilẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ omi kànga àyíká náà wò ti jẹ́rìí sí i pé ẹ̀gbin náà ti dé inú omi abẹ́ ilẹ̀. Bí a tilẹ̀ ti ààtàn pa lónìí, omi tó ti bàjẹ́ kò ní í mọ́ lọ́la.

Kí ni kí ará àdúgbò ṣe? Àwọn kan ní kí a máa retí ìjọba. Àwọn mìíràn ní kí a dáwó, kí a sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí ará Èkó ń pè ní bóòhóòlù. N kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn baba wa kì í gbàgbé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ àjọṣe, òun sì ni à ń gbàgbé lónìí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa. Àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ a máa ro oko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye iṣẹ́ tí o bá ṣe fún mi ni n óò san padà fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ńlá bíi ilé mímọ bá wọ̀ lọ́rùn ni í pe ọ̀wẹ̀: ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ yóò péjọ, òun yóò sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Ẹni náà kì í sì í déédéé pe ènìyàn. Yóò ti fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, yóò ti pèsè omi tí a óò fi po amọ̀, yóò ti mọ ẹni tí yóò gbé amọ̀ àti ọ̀mọ̀lé tí yóò mọ ògiri. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èrò yóò jẹun, wọn yóò mu ẹmu, ilẹ̀ yóò sì ṣú bá iṣẹ́.

Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde fi irú ọgbọ́n yìí dojú kọ òṣì. Ní 1998, wọ́n pe àpérò ìlú, wọ́n sì wádìí bí nǹkan ti rí. Ìwádìí náà fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 9 nínú 10 ni ó ń ráágó nínú òṣì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ẹni tó papò dà ní 2022, ṣe alága rẹ̀. Ìlú tó ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni Ìjẹ̀bú-Òde, àpérò kò ṣàjèjì sí wọn. Inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n gbé owó ẹ̀yáwó gbà, kí ẹgbẹ́ lè ṣe onígbọ̀wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀kan nínú èso rẹ̀ ni ọgbà ẹja Eriwe, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń sin ẹja àrọ̀. Ẹ kíyè sí i: wọ́n ka òṣì kí wọ́n tó ná owó.

Ẹ jẹ́ kí Ìgàndò náà ka kànga rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò pín òpópónà fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n kọ iye kànga, bó ti jìn sí ààtàn tó, àwọ̀ àti òórùn omi rẹ̀, àti iye ènìyàn tó ń mu ún. Kí a gbé díẹ̀ nínú omi náà lọ sí ibi àyẹ̀wò. Kí a sì là á yé àwọn ìyá wa pé sísè omi ń pa kòkòrò àìfojúrí, ṣùgbọ́n kò lè yọ òjé kúrò nínú omi. Bí a bá gbẹ́ bóòhóòlù láì ṣe àyẹ̀wò, omi kan náà tí à ń sá fún ni a óò tún fi owó ńlá fà jáde.

Iṣẹ́ kò tíì parí síbẹ̀. Ta ni yóò ra epo sí ẹ̀rọ? Ta ni yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́? Kí a yan ẹni tí yóò tọ́jú owó, kí a sì máa ka ìṣirò sétí gbogbo ènìyàn lóṣooṣù. Kí a má ṣe fi ìpàdé mọ sọ́dọ̀ àwọn láńdíọ̀ọ̀dù nìkan, nítorí ayálégbé ń mu nínú omi kan náà. Bí a bá sì ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ wa yóò wúwo níwájú ìjọba, tí ojúṣe ààtàn wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo, ìlérí ni yóò gbà bọ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a kò kà, tí a kò pín iṣẹ́ fún, àtẹ́wọ́ lásán ni yóò pa.