KỌFÍ PUPA ÀTI KỌFÍ DÚDÚ: ÈWO LÓ Ń LÉ OORUN JÙ?



Ẹ ó rántí pé ọ̀rọ̀ kọfí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta kọfí yíyan sọ pé oníbàárà òun kan tó lóyún dá ọjà padà. Dókítà ní kó dín kọfí kù, ló bá ra èyí tí a yan fẹ́ẹ́rẹ́, tó pupa, pé ìyẹn kò le. Síbẹ̀ kò rí oorun sùn. Àwọn kan nínú wa ní èyí tó dúdú ló lágbára jù. Àwọn kan ní rárá, iná ti jó agbára ìyẹn dànù. Alága ní kí akọ̀wé lọ wádìí rẹ̀.

Ohun tó ń lé oorun nínú kọfí ni wọ́n ń pè ní káfíìnì. Ọmọ Jámánì kan, Runge, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde lára èso kọfí ní 1819. Òun náà ló wà nínú obì tí àwọn awakọ̀ òru ń jẹ. Bí a bá ń yan kọfí, ooru rẹ̀ a máa tó 200 sí 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi á gbẹ, èso á wú, àwọ̀ á yí padà. Ṣùgbọ́n káfíìnì kì í tètè jóná. Díẹ̀ báyìí ló ń bá èéfín lọ. Ìkorò kọfí dúdú kì í ṣe ẹ̀rí pé káfíìnì rẹ̀ pọ̀. Iná ló dá ohun kíkorò mìíràn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣebí àgbàdo sísun tó jóná náà korò, ta ló gba oorun lójú rẹ̀ rí?

Òṣùwọ̀n tí a fi ń tà á ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú kìlò 10 kọfí tí a kò tí ì yan. Bí a bá yan án fẹ́ẹ́rẹ́, ó lè ku díẹ̀ kó pé kìlò 9. Bí a bá yan án títí ó fi dúdú, ó lè ku kìlò 8 péré. Káfíìnì tó wà nínú kìlò 10 àkọ́kọ́ yẹn ló ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ lódindi, ó kàn wà nínú ẹrù tó kéré sí i ni. Nítorí náà, bí a bá fi ìwọ̀n oníkìlò tà á, káfíìnì ti dúdú fi díẹ̀ ju ti pupa lọ.

Tó bá wá jẹ́ kóńgò ńkọ́? Kọfí dúdú ti wú, ó sì fúyẹ́. Ẹ fi kóńgò àgbàdo kan wé kóńgò gúgúrú kan, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Kóńgò kan ti dúdú kò wúwo tó ti pupa, káfíìnì inú rẹ̀ náà sì dín díẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé àwọn méjèèjì tó ń pariwo lọ́jọ́ yẹn ló jàre? Ọ̀kan ń fọkàn ronú kìlò, èkejì ń ronú kóńgò.

Ìyàtọ̀ ti àwọ̀ yìí kéré. Irú kọfí ni ẹ bi ara yín. Róbústà, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Kàbbà, ní káfíìnì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arábíkà, irú èyí tó ń wá láti orí òkè Mambilla. Bí ìyá wa bá ta Róbústà pupa fún aláboyún yẹn, kò yà mí lẹ́nu pé kò sùn.

Ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí aláboyún má ṣe ju mílígíráàmù 200 káfíìnì lọ lójúmọ́. Ife ńlá kan ti kọfí inú agolo, èyí tí a ń po sómi gbígbóná, ní bíi 100. Ife méjì ti kún un nìyẹn, ẹni tó bá sì tún jẹ obì lé e kó kà á mọ́ ọn. (Àwọn ìyá wa kì í ka obì mọ́ nǹkan kan!)

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó ń ta kìlò kọfí dúdú ní iye kan náà pẹ̀lú ti pupa ń pàdánù, nítorí ó ti fi ẹrù púpọ̀ sí i ṣe kìlò kan. Ẹni tó sì ń fi kóńgò rà á, ẹrù tó ń gbé lọ sílé kéré sí ti pupa. Kí oníkọfí kọ̀ọ̀kan mú kóńgò kan ti pupa àti kan ti dúdú wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó gbé wọn lé ìwọ̀n ẹgbẹ́ lójú gbogbo wa, kí a tó fẹnu kò lórí iye tí a ó máa tà á.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́