Wọ́n ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́. Owó wo wá lẹ̀ ń san?

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí nǹkan kan ná kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà ìjọba ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í san tuition. Láyé ìjọba ológun Ọbásanjọ́, ní nǹkan bí ọdún 1977, ni wọ́n ti fagi lé e. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Akọkà, Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ lásìkò ìforúkọsílẹ̀, ẹ ó rí àwọn òbí tó ń pe mọ̀lẹ́bí kiri torí owó iléèwé tó ti kọjá agbára wọn. Irọ́ kọ́ ni ìjọba ń pa, kì í sì í ṣe gbogbo òótọ́ ló ń sọ. Inú àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni gbogbo àríyànjiyàn kámpọ́ọ̀sì ti ń ṣẹ̀ wá, títí dórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó NELFUND tí gbogbo yín ń bi mí.

Tuition ni owó tí èèyàn ń san nítorí pé olùkọ́ ń kọ́ ọ. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, Àbújá ló ń san owó oṣù olùkọ́, torí náà wọn ò bu ìyẹn lé yín lórí. Àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n kọ TETFund sí lára ńkọ́? Owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san lórí èrè wọn ni wọ́n fi kọ́ wọn. Kí ló wá kù? Iná ló kù, omi, dísù, bébà ìdánwò, kẹ́míkà, íntánẹ́ẹ̀tì, oògùn ilé ìwòsàn kámpọ́ọ̀sì, owó àwọn tó ń gbálẹ̀ àtàwọn ẹ̀ṣọ́. Ìjọba ń fi owó ránṣẹ́ fún ìyẹn náà, àmọ́ ó kéré, kì í sì í bá ọjà ga. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó yẹn ni yunifásítì ń wá sọ́dọ̀ yín fún. Wọn ò ní pè é ní tuition o. Wọ́n á pè é ní utility, wọ́n á pè é ní levy, wọ́n á pè é ní acceptance fee, wọ́n á pè é ní obligatory charges. Orúkọ ń yí, àpò kan náà ló ń jáde.

Ẹ mú iná nìkan wò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná ọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún ẹyọ kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bílì tó ti di ìlọ́po mẹ́ta ti di ìlọ́po mẹ́ta náà nìyẹn. Yunifásítì kì í ṣe ilé oníyàrá méjì tí èèyàn á ní òun máa pa fíríìjì. Họ́stẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, ilé ìkàwé àti yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀. Àwọn tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní UCH, Ìbàdàn. Ní ìparí ọdún 2024, IBEDC já iná wọn nítorí gbèsè, òkùnkùn ọ̀hún sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Inú ọgbà yẹn ni Alexander Brown Hall wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn UI ń gbé. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ láti di dókítà wà nínú òkùnkùn kan náà pẹ̀lú àwọn aláìsàn, títí wọ́n fi jáde fẹ̀hónú hàn.

Nítorí náà, bí ọ̀gá yunifásítì bá ní owó ò tó, mo gbà á gbọ́. Ibi tí mi ò ti ní gbà ni pé kí wọ́n gbé iye kan jáde láìsọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1978, owó oúnjẹ òòjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní 50 kọ́bọ̀, ó di ₦1.50. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra ìrẹsì àti ẹran kan ní Bukà lónìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìlọ́po mẹ́ta ni lójú àwọn tìgbà yẹn. Ṣẹ́gun Òkèowò, ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ NUNS, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde káàkiri orílẹ̀-èdè. Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìjà ọ̀hún ní «Ali Must Go». Wọ́n yìnbọn pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG. Ọdún méje ṣáájú ìyẹn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ló dá wàhálà sílẹ̀ ní UI tí ìbọn ọlọ́pàá fi pa Kúnlé Adépéjú. Ìjọba fòfin de NUNS. NANS tẹ́ ẹ mọ̀ lónìí, ọdún 1980 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀. (NANS òde òní tó ń fi ẹ̀bùn dá olóṣèlú lọ́lá, ọjọ́ mìíràn ni tiwọn.)

Ní LASU, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ ṣe ara tirẹ̀. Ní 2011, ìjọba Fáṣọlá gbé owó láti ₦25,000 sí ₦193,750 fún àwọn tí tiwọn kéré jù, àwọn mìíràn dé ₦348,750. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó ń wọlé dín kù gan-an. Àwọn tó wà nínú ọgbà ò sinmi ariwo. Ní 2014, gómìnà dá owó náà padà sí ₦25,000. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ló borí? Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ìdìbò 2015 ti ń kanlẹ̀kùn.

Ẹ wá wo UNILAG. Ní oṣù Keje ọdún 2023, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo lọ, wọ́n kéde owó tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń san nǹkan bí ₦19,000 tẹ́lẹ̀ wá gbọ́ ₦100,750, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, wọ́n jáde sí géètì, ìpàdé wáyé, ó wá wálẹ̀ di ₦80,750. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: owó ti fi ₦81,750 gòkè, ariwo bu ₦20,000 kúrò níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má pariwo, ₦20,000 kì í ṣe owó ìgbálẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bọ́ sí géètì, kí ó ti béèrè bí ₦100,750 ṣe jẹ́ ₦100,750.

Àtìgbà yẹn ni kámpọ́ọ̀sì ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ ni ẹ̀kọ́, kí ìjọba lọ wá owó. Àwọn kan ní ẹ jẹ́ ká san iye tó yẹ kí họ́stẹ́ẹ̀lì lè ní omi, torí ẹni tó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń san mílíọ̀nù. Mo ti jókòó tì wọ́n ní Akọkà tí wọ́n ń já a, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló dùn létí. Èyí tó dá mi dúró ni ti ọmọkùnrin kan tí kò dá sí i rárá. Ó ń fẹ̀gbẹ́ kan sùn nínú yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ mọ bí squatter ṣe ń ṣe. Mo bi í pé apá ibo ló wà. Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, mo ti ya NELFUND.»

Ẹ jẹ́ ká tú NELFUND yẹn wò. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Tinúbú kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Òfin àkọ́kọ́ yẹn ní kí owó tó ń wọlé fún ìdílé má ju ₦500,000 lọ lọ́dún, ó tún ní kí èèyàn wá àwọn agbẹjọ́rò tàbí òṣìṣẹ́ ọba onípò gíga ṣe onídùúró. Ta ló máa rí ìyẹn? Wọ́n tún un kọ, ààrẹ sì fọwọ́ sí tuntun ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ọdún 2024. Onídùúró lọ, òṣùwọ̀n owó ìdílé náà lọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n ṣí ojú òpó ìforúkọsílẹ̀. Yunifásítì ìjọba wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wà níbẹ̀, póli náà wà níbẹ̀. Èmi tí mo ka póli ni mo ń sọ ọ́, torí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ póli ṣì rò pé ti yunifásítì nìkan ni. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni kò sí níbẹ̀.

Kò ní èlé. Àwọn Mùsùlùmí tó ń bẹ̀rù ribà ń bi mí léraléra, torí náà mo tún un sọ: iye tẹ́ ẹ yá lẹ máa dá padà. Ọ̀nà méjì lowó náà ń gbà jáde. Owó iléèwé ń lọ tààrà sí ákáǹtì ilé ẹ̀kọ́, kò ní dé ọwọ́ yín. Owó ìtọ́jú, ₦20,000 lóṣù, ló ń wọ ákáǹtì tiyín. Ẹni tó bá gbà á nìkan ló jẹ ẹ́, ẹni tó bá sì gba méjèèjì, méjèèjì ló jẹ. Níbi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, torí wọ́n rò pé ₦20,000 yẹn jẹ́ ẹ̀bùn ìjọba. Kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ẹ fún mi ní bírò. Ká ní owó iléèwé yín jẹ́ ₦80,750 fún ọdún mẹ́rin: ₦323,000 nìyẹn. Ká fi oṣù mẹ́wàá ṣírò owó ìtọ́jú lọ́dún: ₦200,000 lọ́dún, ₦800,000 lọ́dún mẹ́rin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,123,000. Òfin ní ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí di ọdún méjì lẹ́yìn agùnbánirọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín. Ẹni tó ń gba ₦100,000 á máa san ₦10,000, yóò sì lé ní ọdún mẹ́sàn-án kó tó parí. Ẹni tó ń gba ₦70,000, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ọdún 2024, á máa san ₦7,000. Tirẹ̀ á ju ọdún mẹ́tàlá lọ.

Ṣé ó burú? Lójú tèmi, kò burú. Ẹ̀yáwó tí kò ní èlé nílẹ̀ tí ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́, ẹni tó yá a ló jèrè. Ẹni tí kò níṣẹ́ lè kọ̀wé pé kí wọ́n sún òun síwájú. Bí ẹni tó yá a bá sì kú, gbèsè náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọmọ yín tàbí àbúrò yín bá máa fi iléèwé sílẹ̀ nítorí ₦80,000, kí ó lọ yá a. Ẹni tí òbí rẹ̀ lè san owó iléèwé tún lè gba owó iléèwé nìkan, kí ó fi ₦20,000 yẹn sílẹ̀. Ẹ rí i nínú ìṣírò yẹn pé owó ìtọ́jú ló kó èyí tó pọ̀ jù.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Láyé Òkèowò, bí owó bá gòkè, àpò akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbóná lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì gbé e dé géètì. Ní báyìí, NELFUND ń san án fún iléèwé tààrà. Owó gòkè, akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀ ọ́n lára, ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́fà kó tó mọ̀ ọ́n nínú owó oṣù rẹ̀. Ta ló máa wá bá wọn dúnàádúrà lónìí? Ó yẹ kó jẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ní 2017, UI dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ dúró lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn lórí káàdì ìdánimọ̀, ọdún 2019 ló tó padà. Ọmọ tó wọlé ní 2017 ti fẹ́ẹ̀ kàwé jáde kó tó dìbò yan ààrẹ ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tẹ́ ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ ríi pé orúkọ tó wà lórí NIN, BVN àti JAMB yín bára mu, títí dórí ibi tí lẹ́tà kan ti yàtọ̀. Ẹ bi iléèwé yín bóyá wọ́n ti fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí NELFUND, torí bí wọn ò bá tíì ṣe é, ojú òpó ò ní dá yín mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, tí ọjọ́ ìdánwò sì dé kí owó tó dé, ọ̀pọ̀ òbí á lọ yáwó san. Lẹ́yìn náà ni ti NELFUND á wọlé sí iléèwé, iléèwé á wá ní owó ẹlẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́. Ní 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ pariwo síta pé àwọn iléèwé kan gba owó tí wọn ò sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Torí náà, ẹ máa ṣí ojú òpó yín wò. Níbi tó bá ti fi hàn pé wọ́n ti san án, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ mú rìsíìtì tí bàbá tàbí ìyá yín san, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì bursar pé ẹ fẹ́ owó yín padà. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, kí ẹ sì mú un padà wálé.